Ẹ Mọ Omi Wẹ̀ Díẹ̀, Ẹ Fẹ́ Mọ̀ Ọ́n Dáadáa: Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Olùkọ́ Aládàáni Tí Apá Yín Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́

Odò tó wà lẹ́yìn abà bàbá mi àgbà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni olùkọ́ mi, ẹ̀kọ́ náà kò sì ju pé wọ́n gbé mi sọ sínú omi, mo ta ẹsẹ̀, mo ta ọwọ́, mo jáde. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá bi mí pé ṣé mo mọ omi wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ni mo máa ń dáhùn. Ìgbà tí mo lé ní ogójì ọdún, dókítà ní kí n wá eré ìdárayá tí kò ní í ni orúnkún mi lára. Mo bá wọ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní kí n lọ kí n bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìdúró. N kò tíì parí ìlọ àkọ́kọ́ tí èémí fi wọ́n mi. Mo di etí púùlù mú, àyà mi ń lù kì-kì-kì. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé kí omi má gbé ẹni yàtọ̀ sí kí ẹni mọ omi wẹ̀.

Irú wa pọ̀. A lè léfòó, a lè wẹ̀ dé mítà 15 tàbí 20, lẹ́yìn náà ọrùn a le, ẹsẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rì, a ó sì máa gbé omi mì. Kíláàsì àwọn ọmọdé ní ọjọ́ Sátidé kò bá wa mu mọ́, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Olùkọ́ tí yóò dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo la nílò, owó rẹ̀ ló sì máa ń dẹ́rù bani.

Àwọn àgbà wa ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá kì í dé ibi jíjìn. Àwa tí a mọ díẹ̀ la máa ń dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára, tí mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe gbé e gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó ń ṣe yín kí ẹ tó wá olùkọ́

Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn tí mo ti ná owó ni pé kì í ṣe olùkọ́ olówó pọ́ọ́kú ló ń dín ìnáwó kù. Ohun tó ń dín in kù ni kí ẹ mọ ohun kan pàtó tó ń dà yín láàmú kí ẹ tó pe olùkọ́ rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo sanwó fún olùkọ́ tí mo kọ́kọ́ gbà. Lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà, mo ń lọ, mo ń bọ̀, òun dúró létí omi, ó ń kígbe pé, "Ẹ gbìyànjú sí i!" N kò sọ ohun tí mo fẹ́ fún un, kò sì bi mí. Bí mo ṣe wẹ̀ lọ́jọ́ kìíní náà ni mo ṣe wẹ̀ lọ́jọ́ kẹfà.

Nítorí náà, ẹ lọ sí púùlù lọ́jọ́ tí kò sí èrò, kí ẹnì kan tẹ̀ lé yín. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọn gígùn rẹ̀ láti òkè. Púùlù ìdíje ńlá ti àgbáyé jẹ́ mítà 50, kékeré rẹ̀ jẹ́ mítà 25, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti òtẹ́ẹ̀lì ló kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn sì tẹ̀ bí hóró ẹ̀wà. Ìgbésẹ̀ àgbàlagbà tó bá gùn dáadáa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan, ìyẹn náà sì ti tó fún ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ wẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, kí ẹ máa ka ọwọ́. Nígbàkigbà tí ọwọ́ kan bá wọ omi, ì báà ṣe ọ̀tún, ì báà ṣe òsì, ọ̀kan nìyẹn. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, tí iye ọwọ́ sì ń pọ̀ sí i, á jẹ́ pé bó ṣe ń rẹ̀ yín ni ọ̀nà ìwẹ̀ yín ń bàjẹ́. Ẹ mú ìwé náà dání lọ bá olùkọ́, nítorí ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló máa gbà yín lẹ́nu.

Kí ẹni tó tẹ̀ lé yín wá fi fóònù ya fídíò yín. Kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, ní àárín gbùngbùn púùlù, kí ẹ kọjá níwájú rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀ẹ̀kan fún orí, ẹ̀ẹ̀kan fún ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan fún èémí.

Nínú fídíò tèmi, iwájú ni mò ń wò, àgbọ̀n mi wà lókè omi, ẹsẹ̀ mi sì ti rì dé ìsàlẹ̀ ìdí. Bí ara ṣe rí nínú omi ni pé ó dà bí pákó gígùn tí a gbé lé orí òkúta: bí ìpẹ̀kun kan bá ròkè, ìkejì gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Bí ẹ bá gbé orí sókè láti wo iwájú, ẹsẹ̀ yín ló máa sanwó rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì rì, gbogbo itan rẹ̀ ló fi ń ti omi bí ẹni ń ti ògiri, kò sí bí kò ṣe ní í rẹ̀ ẹ́. Ìsàlẹ̀ púùlù ló yẹ kí ojú máa wò.

Ti èémí ló pọ̀ jù lọ láàrin àwa tí a kọ́ ọ lódò. A máa ń há èémí mọ́ inú nígbà tí ojú bá wà nínú omi, nígbà tí orí bá wá yọ, a fẹ́ mí jáde, a tún fẹ́ mí sínú láàrin ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò lè ṣeé ṣe. Afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ nínú àyà ló ń fún wa lọ́rùn, a ó sì rò pé agbára ni kò sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí ìwé. Tèmi ni: "Mo fẹ́ lọ kí n bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láìdúró, kí èémí má wọ́n mi." Ti yín lè jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ yín má rì mọ́, tàbí pé ẹ fẹ́ fi ọkàn balẹ̀ níbi jíjìn. Má kọ méjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibi tí àwọn olùkọ́ wà

Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété kì í ṣe ìlú etí òkun, olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kì í pàtẹ bí aláṣọ ní Tákìẹ́. Àmọ́ wọ́n wà, bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ ó bi.

Àwọn kọ́pà ni mo máa ń sọ pé kí ènìyàn kọ́kọ́ wá kàn. Láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti ń kó wọn wá sìn ìlú fún ọdún kan, ẹ ó sì rí ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Bayelsa, ọmọ Delta tàbí ti Rivers láàrin wọn, àwọn tó jẹ́ pé etí omi ni wọ́n dàgbà sí. Òmíràn nínú wọn ti wẹ̀ fún ilé-ìwé rẹ̀ tàbí ìpínlẹ̀ rẹ̀ rí. Ẹ bi kọ́pà èyíkéyìí tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé àdúgbò yín. Wọ́n ń pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n mọ ara wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ Ìlàjẹ tó tún tèmi ṣe. Owó tí kọ́pà ń béèrè kì í ga, torí ohun tó fẹ́ràn ló ń ṣe, owó díẹ̀ sì wúlò fún un. Ohun kan ni pé ọdún rẹ̀ á pé, á sì lọ. Kí ó tó lọ, ẹ ní kí ó fi ẹlòmíràn hàn yín.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà níbí, ló tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá mọ ọmọ kan tó ń gbé ní Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ní kí ó béèrè lórí WhatsApp kíláàsì wọn. Ẹ má retí pé ẹ ó rí wọn nígbà ìdánwò tàbí nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi.

Àwọn tó ń ṣọ́ púùlù ní òtẹ́ẹ̀lì náà wà, àǹfààní tiwọn sì ni pé wọ́n lè bá yín bẹ ọ̀gá wọn lórí owó ìwọlé. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, omi fífọ̀ àti kẹ́míkà dídà ni iṣẹ́ wọn, wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tíṣà eré ìdárayá ní ilé-ìwé aládàáni náà yẹ ní bíbéèrè lọ́wọ́ wọn.

Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, Ìlọrin kò jìnnà. Ẹ̀kọ́ kan lóṣù pẹ̀lú ẹni tó mọṣẹ́ gidi níbẹ̀, tí ẹ wá ń fi ìyókù oṣù ṣe iṣẹ́ tó fún yín níbí, sàn ju ẹ̀kọ́ mẹ́rin pẹ̀lú ẹni tí kò rí àṣìṣe yín lọ.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá júwe fún yín, ẹ lọ wò ó níbi tó ti ń kọ́ ẹlòmíràn kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀ owó. Ẹ ra mínírà kan, ẹ jókòó síbi tí kò ti ní í máa wo ojú yín. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wò ni àbí fóònù? Ṣé ohun kan ló ń tún ṣe lẹ́ẹ̀kan ni, àbí ohun márùn-ún ló ń kígbe pọ̀? Ṣé ó ń wọ omi láti fi hàn? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ẹ̀rí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, ó ju ìwé-ẹ̀rí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìbéèrè àti ẹ̀kọ́ ìdánwò

Ẹ bi í bóyá ó ti kọ́ àgbàlagbà rí, nítorí kíkọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ kò jọ kíkọ́ ẹni tó ti ní àṣà láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹ bi í pé bí ẹnì kan bá ń rì, kí ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Ìdáhùn tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni pé yóò pe ìrànlọ́wọ́, yóò na ọ̀pá tàbí ju ohun tó ń léfòó sí ẹni náà kí ó tó ronú àtibẹ́ sómi, yóò sì mọ bí a ṣe ń fẹ́ èémí sí ẹni tí kò mí mọ́, tí a sì ń tẹ àyà rẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yìí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa lọ. N kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni dínwó fún mi lórí èyí.

Ẹ má san owó oṣù kan sílẹ̀. Ẹ san ti ọjọ́ kan péré. Ẹ fún un ní gbólóhùn tí ẹ kọ, ẹ fi fídíò hàn án, kí ẹ sì dákẹ́. Olùkọ́ tó dára á ní kí ẹ wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ kí òun wò, lẹ́yìn náà á mú ohun kan, ohun kan ṣoṣo, á ní ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ó yẹ kí ẹ lè sọ ní ẹnu ara yín ohun tí ẹ fẹ́ lọ máa ṣe nílé. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ bi í. Bí òun náà kò bá lè sọ ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí owó ṣe ń dín kù

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní olùkọ́ ń gba ₦10,000 fún wákàtí kan, òtẹ́ẹ̀lì sì ń gba ₦3,000 ní ìwọlé. Ẹni tó bá ń lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì yóò ná ₦104,000, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló sì máa dé inú omi.

Ẹ wá mú ẹnì kan tí ìwẹ̀ rẹ̀ bá ti yín dọ́gba. Ẹ jọ san ₦12,000 fún olùkọ́ náà fún ìṣẹ́jú márùnlélógójì, ẹni kọ̀ọ̀kan ₦6,000. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni kí ẹ máa pè é, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré láàrin oṣù méjì. Pẹ̀lú owó ìwọlé, ₦36,000 nìyẹn. Ẹ tún fi ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá láìsí olùkọ́, ₦24,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦60,000, ẹ̀ẹ̀méjìlá lẹ sì dé inú omi. Bí iye tí wọ́n ń gbà ládùúgbò yín bá yàtọ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò, ọ̀nà ìṣírò náà ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú.

Ẹni méjì kò ba ẹ̀kọ́ jẹ́ fún irú wa. Bí ìkejì bá ń wẹ̀, ẹ ń sinmi, ẹ sì ń fi ojú ara yín rí àṣìṣe tí ẹ̀yin náà ń ṣe. Ẹni mẹ́ta ni mo rò pé ó ti ń pọ̀ jù.

Owó ìwọlé náà ṣeé ná. Ẹ lọ bá ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ní ọjọ́ Túsìdeé àti Tọ́sìdeé láàárọ̀ lẹ fẹ́ máa wá, nígbà tí púùlù rẹ̀ ṣófo. Ẹ ní ẹ ó san ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà ọyẹ́, omi máa ń tutù gan-an láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wá, ìgbà náà sì rọrùn jù láti nájà. Ẹni tí kò bá lè fara da òtútù àárọ̀ náà, kí ó lọ lọ́sàn-án gangan.

Ní ti ohun èlò, gíláàsì ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi kì í wọ̀ nìkan ni kí ẹ má ṣe fi owó rẹ̀ ṣahun. Ẹ fi lé ojú láìso okùn rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó bá yín mu. Pátákó fóòmù tí a ń dì mú, ẹ yá a lọ́wọ́ olùkọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iṣẹ́ àárín ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn

Ibí ni ẹ̀kọ́ ti ń wọ ara. Ní ọjọ́ kejì mi pẹ̀lú ọmọ Ìlàjẹ náà, kò jẹ́ kí n wẹ̀ rárá fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibi tí omi dé àyà la dúró sí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ di etí ibí mú, ẹ ri ojú bọ omi, kí ẹ máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta." Mo kùn. Omi ń hó ní imú àti ẹnu mi. Ó ní kí n yí ojú sí ọ̀tún, kí etí òsì mi ṣì wà nínú omi, kí n mí sínú, kí n dá ojú padà, kí n tún máa kùn. Nígbàkigbà tí mo bá dákẹ́, á fi ìka kan kàn mí léjìká. "Ẹ ti há èémí mọ́nú, Mà."

Kíkùn yẹn lọgbọ́n rẹ̀. Ẹni tó bá ń kùn kò lè há èémí, kò sì sí bí kò ṣe ní í gbọ́ ara rẹ̀ bí ó bá dákẹ́. Nígbà tí mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo kùn dé ìpẹ̀kun kejì, mo dúró, mo sì rí i pé n kò mí gúlegúle. Inú mi dùn débi pé mo ní kó jẹ́ kí n tún lọ.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń ṣe láàrin ẹ̀kọ́. Mo máa ń kùn létí púùlù ní ogún ìgbà kí n tó wẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ lórí omi, ọwọ́ ìsàlẹ̀ nà síwájú, ọwọ́ kejì wà lórí itan, mo ń fi ẹsẹ̀ nìkan lọ. Ìbàdí ni kí ẹsẹ̀ ti máa mì, kí ọrùn ẹsẹ̀ sì rọ̀. Ẹni tó bá ń ká orúnkún bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́ yóò kàn dúró sójú kan ni. Ẹ̀kẹta, mo máa ń di ẹ̀ṣẹ́ wẹ̀ dé ààbọ̀ púùlù, kí n tó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ, ẹ ó gbọ́ bí omi ṣe wúwo lọ́wọ́ yín, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ti ń dì í mú àti ibi tí ó ti ń bọ́. Ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú ti tó. Ẹ má ṣe é títí tí yóò fi rẹ̀ yín, torí àṣìṣe ni ara tó ti rẹ̀ máa ń fi kọ́ra.

Àwọn ohun tí kò gba àfojúfò

Ẹ má dá wà nínú omi, ì báà jẹ́ púùlù tó dé yín ní igbáàyà. Bí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ omi kedere láti òkè, ẹ má wọ̀ ọ́. Ní ìgbà òjò, bí ẹ bá ti gbọ́ àrá àkọ́kọ́, ẹ jáde, ẹ má padà títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn. Ẹ má ṣe mí lemọ́lemọ́ kí ẹ tó rì sábẹ́ omi láti wò ó bóyá ẹ lè pẹ́ níbẹ̀. Ènìyàn lè dákú lábẹ́ omi láìmọ̀ pé ó ń bọ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ gan-an ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé ẹ fẹ́ yẹ owó ìwọlé sílẹ̀ kí ẹ lọ máa dánra wò nínú odò tí ìjọba sé. Kò sí etí tí ẹ lè dì mú níbẹ̀.

Fún àwa obìnrin: ẹ lè bèèrè fún olùkọ́ obìnrin, àwọn kọ́pà obìnrin tó mọ̀ ọ́n wà. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo apá àti ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìborí rẹ̀ wà lọ́jà, kò sì dí ìwẹ̀ lọ́wọ́ bí ó bá fún mọ́ra. Aṣọ òwú tó fẹ̀ ni kí ẹ sá fún, ó máa ń mu omi, á wá wúwo.

Ìgbà tí ẹ ó tún wò ó

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kẹrin, ẹ ya fídíò mìíràn, láti ibì kan náà, nínú púùlù kan náà, kí ẹ sì tún ka ọwọ́. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níwájú olùkọ́ yín. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ rárá, tí ẹ sì ti ṣe iṣẹ́ tó fún yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ gbìyànjú ẹlòmíràn.

Púùlù tí mo ń lò jẹ́ nǹkan bíi mítà 15. Ọwọ́ 22 ni mo fi ń là á já nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nínú fídíò kejì, ó di 15, ẹsẹ̀ mi sì hàn lójú omi. Kọ́pà mi ti parí ọdún rẹ̀, ó ti padà sílé, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan hàn mí kí ó tó lọ. Mo ti kọ gbólóhùn tuntun tí màá mú lọ bá a lọ́jọ́ Túsìdeé: mo fẹ́ mọ bí a ṣe ń yí padà létí ògiri láìdúró.